Ọmọ Tó Mọ Ìkúnlẹ̀

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà tó mọ́ tán ni Dàpọ̀ Ògúnjìmí àti Bámikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń jà nínú kíṣìnnì, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń jà, nítorí pé ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń jà ṣì ń sùn nínú yàrá. Ẹni tó bá mọ tọkọtaya yìí ní Ìbà á mọ̀ pé ìjà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe tiwọn. Dàpọ̀ ń ta ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní Alábà, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì ju ọjà tó ń tà lọ. Bámikẹ́ ń ta ẹja inú yìnyín ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí ẹni tí kò bá lè pariwo yóò gbé ọjà rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ṣe ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí olè tó wọ ilé ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un," Bámikẹ́ wí. Ó ṣí ìkòkò ẹ̀wà, ó wò ó, ó tún dé e.

"Èmi kẹ̀? Ìyá ló ń bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló pe àwọn èèyàn náà lórí fóònù? Ta ló san owó àkọ́kọ́ fún wọn?"

"Ta ló di báàgì rẹ̀ lánàá?"

Bámikẹ́ tún ṣí ìkòkò, ó ro ẹ̀wà. Òun náà ló di í lóòótọ́. Ó tilẹ̀ fi mílíìkì alágolo díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé bọ́dìn. Ibi tí ọmọ ń lọ kì í sì í ṣe bọ́dìn. Ilé Ìtúntò Ọmọ ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì, àwọn ọmọ tí apá òbí wọn kò ká mọ́ ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Nínú Dàpọ̀ àti Bámikẹ́, kò sí ẹni tó débẹ̀ rí. Òfin ilé náà ni pé òbí kò gbọdọ̀ yọjú títí oṣù mẹ́ta, kí ọkàn ọmọ má baà fà sílé. Orí Wọ́sáàpù ni Dàpọ̀ ti rí fídíò wọn: àwọn ọ̀dọ́ nínú aṣọ kákí, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀ sà" pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo. Ó wò ó títí fóònù rẹ̀ fi kú. Ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Íbò tí ṣọ́ọ̀bù tiwọn jọ kọjú síra, ìyẹn wò ó dáadáa, ó ní, "Oga Dapo, dem dey give these children food so?" Dàpọ̀ ní ìlara ló ń ṣe é.

Kí wá ni ọmọ náà ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Ṣemílọ́rẹ kì í ṣe ọmọ tí èèyàn fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́. Ó ti pa irun rẹ̀ láró, irun náà pọ́n bí ẹyìn. Ó gba ojú fèrèsé jáde lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Okokomaiko, ó sì jẹ́ kí oòrùn ó ṣáájú òun délé. Bí bàbá rẹ̀ bá ń bá a wí, á ní, "Dádì, calm down." Gbogbo ìyẹn, Dàpọ̀ ṣì ń gbé e mì. Èyí tó há a lọ́fun ni ti alága ẹgbẹ́ onílé. Bàbá arúgbó náà, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé, ń kọjá lọ níwájú géètì lọ́jọ́ kan, Ṣemílọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, juwọ́ sí i, ó ní, "Haì, Alága!" Alága kò bínú o. Ó juwọ́ padà ni, ó sì rẹ́rìn-ín lọ, bóyá nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ kò sì lanu kó gbé e mì.

"Ọmọ tí a kò kọ́," Dàpọ̀ wí nínú kíṣìnnì, "òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Ilé wo?" Bámikẹ́ bi í. "Ṣé èyí tí à ń san rẹ́ǹtì rẹ̀ yìí?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí mọ́tò fi fọn fèrè níta.

Bọ́ọ̀sì funfun kan ni, wọ́n fi aṣọ ta ojú fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ wọ kákí tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀, ó sì so fèrè rẹ́fírì mọ́ ọrùn. Kọ́mándà Abọ́lá lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ti jẹ kọ́mándà, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ọmọbìnrin kan tó tó Ṣemílọ́rẹ lọ́jọ́ orí tẹ̀ lé e, irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Rẹ̀mílẹ́kún nìyí, sà," Kọ́mándà wí. "Ó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Mo mú un wá kí ẹ lè fojú ara yín rí iṣẹ́ wa."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, orúnkún Rẹ̀mílẹ́kún méjèèjì ti kanlẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu géètì. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ orí ba. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ilé sà."

Inú Dàpọ̀ yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. "Dìde, ọmọ mi, dìde. Ọlọ́run á wò ọ́ fún àwọn òbí rẹ."

Ọmọ náà dìde, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rẹ̀. Bámikẹ́ jáde sí i, ọmọ náà tún kúnlẹ̀. Ìyá Sherif jáde láti yàrá iwájú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ọmọ náà kúnlẹ̀ fún òun náà. Ìyá Sherif yìí ni ìròyìn gbogbo ilé máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó tu ìfófòó ẹnu rẹ̀ dànù.

"Ẹ̀kọ́ ilé nìyí!" ó pariwo. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jáde wá wo ọmọ!"

Ilé fẹ́ẹ̀sì-mi-àì-fẹ́ẹ̀sì-yù ni ilé wọn, ilẹ̀kùn pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ló sì ṣí. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan wá gba ìkúnlẹ̀ tiwọn bí ẹni ń gba sàárà. Bàbá Tọ́lá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba láti ìgbà pípẹ́, gba tirẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó wọlé lọ dé fìlà, ó tún jáde wá gba òmíràn. Olúkúlùkù wọn ló ń ní "dìde, ọmọ dáadáa," ọmọ dáadáa sì ń dìde, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

"Oṣù mélòó ló gbà yín?" Ìyá Sherif bi Kọ́mándà. "Torí Sherif tèmi náà, tí mo bá rán an níṣẹ́, ó máa ń bi mí pé kí ló dé."

"Ẹ mú un wá, mà. Tó bá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, kò ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́."

Ariwo yìí ló jí Ṣemílọ́rẹ. Ó jáde pẹ̀lú irun pupa tó dúró gan-an, ó wọ tíṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó sì na ọwọ́ sókè sí gbogbo ayé. "Ẹ káàárọ̀ o, everybody! Wetin happen? Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dàpọ̀ wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ ọlọ́mọ, ojú tì í. Ṣemílọ́rẹ náà wò yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí báàgì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Báàgì mi nìyẹn. Mọ́mì, ibo ni báàgì mi ń lọ?"

Bámikẹ́ rántí pé òun ní ẹ̀wà lórí iná. Dàpọ̀ wú ikọ́. "Lẹ́sìnnì JAMB ni. Ibẹ̀ ni wàá máa gbé."

"Lẹ́sìnnì tí tíṣà so fèrè rẹ́fírì mọ́rùn?" Ó yíjú sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Jọ̀ọ́, ṣé lẹ́sìnnì ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún wo Kọ́mándà. Kọ́mándà hú ikọ́ díẹ̀. "Ó dáa gan-an ni," ọmọ náà wí.

Ṣemílọ́rẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé sì gbọ́ bí ó ṣe yí kọ́kọ́rọ́. "Mi ò lọ síbì kankan o! Dádì, ẹ gbọ́? Mi ò lọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, sà," Kọ́mándà sọ fún Dàpọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dààmú. Ọmọkùnrin méjì wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n mọ bí a ti ń gbé irú wọn. Ẹ ṣáà parí owó yín, kó tó di ọ̀sán a ti lọ."

Bámikẹ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Gbé bí i báwo?" ó bèèrè. "Ọmọ ni o, kì í ṣe fìríìjì."

"Màmá Ṣemílọ́rẹ, a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí," Dàpọ̀ wí.

"A sọ pé ó ń lọ. A ò sọ pé wọ́n máa gbé e."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Bámikẹ́ mọ ìyàtọ̀, kò kàn mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé tó ti tẹ́tí sílẹ̀. Òun náà ti sunkún títí lọ́jọ́ tí ọmọ sùn síta, òun náà ti ní kí wọ́n mú un lọ. Ó padà sídìí ẹ̀wà.

Nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́ kí owó kọjá láti orí fóònù Dàpọ̀. Kọ́mándà ní kò burú, kí wọ́n jọ wá POS lọ sí Ìyànà-Ìbà, bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn. Rẹ̀mílẹ́kún ńkọ́? Kí ó dúró síbí. "Kò lè lọ síbì kankan," ni Kọ́mándà wí, inú rẹ̀ sì dùn sí i. "Kò tiẹ̀ ní rò ó." Bí wọ́n ṣe ń jáde, Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, níwájú Dàpọ̀. "Ó dàbọ̀ sà." Fóònù Dàpọ̀ dún lásìkò yẹn gan-an. Oníbàárà kan láti Badagry ni, agbóhùnsókè tó rà ń kùn bí oyin. Dàpọ̀ gbé fóònù sétí, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àgbá omi kọjá. Géètì pa dé lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ẹ̀wà jiná, Bámikẹ́ bu tiẹ̀ fún àlejò, ó fi búrẹ́dì Agége lé e, ó gbé e jáde. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Wá jẹun, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé mà." Kò kúrò níbẹ̀.

"Àdúrà ló ń gbà," Ìyá Sherif wí, ó sì kan sáárá sí i. "Ẹ fi sílẹ̀ kó parí rẹ̀."

Bámikẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀ lórí àga, ó lọ fọ ìkòkò. Ó kan ilẹ̀kùn Ṣemílọ́rẹ, Ṣemílọ́rẹ ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀wà náà fún ọmọ wọn tuntun. Bámikẹ́ gbá ojúlé gbogbo ilé. Oòrùn ti yọ sókè ògiri, ó ti mú ẹnu géètì pátápátá, ọmọ náà kò sì yí padà. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Irú àdúrà wo rèé? Dìde, wá jẹun."

"Dádì ò tíì dá mi lóhùn, mà."

"Dádì wo?"

"Dádì ilé yìí, mà. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọn ò tíì ní kí n dìde."

Bámikẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọmọ náà ń ṣe àwàdà ni, ó tilẹ̀ ń ronú pé inú òun dùn pé ó lè ṣe àwàdà. "Ó dáa. Èmi ìyàwó wọn ló ní kí o dìde."

"Àwọn ni mo kúnlẹ̀ fún, mà. Bí Kọ́mándà bá dé tí mo wà lórí ìdúró, wọ́n á bi mí pé ta ló ní kí n dìde."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Bámikẹ́. Ó pe Ìyá Sherif. Ìyá Sherif ní òun ju ìyá tó bí Kọ́mándà lọ, nítorí náà òun pàṣẹ kí ọmọ dìde báyìí-báyìí. Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ẹ ṣé mà." Wọ́n pe Bàbá Tọ́lá. Bàbá Tọ́lá lọ dé fìlà rẹ̀, ó fi ohùn ọ́fíìsì sọ pé, "Ọmọ yìí, ní agbára tí mo ní, mo ní kí o dìde dúró!" Ó ní, "Ẹ ṣé sà," orúnkún rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ti ń gba ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n wá a tì, kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń dá a padà. Bámikẹ́ pe fóònù ọkọ rẹ̀, ó dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é, wọ́n ní ẹni tí òun ń pè ti pa fóònù rẹ̀. Oníbàárà Badagry ti jẹ bátìrì náà tán.

Ṣemílọ́rẹ ti ń wò láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí. Ó jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Wọ́n ti lọ now. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Dìde, jàre."

Rẹ̀mílẹ́kún wo géètì, ó wo àwọn àgbà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ìwọ lo máa bá wa lọ?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Kò le tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, orúnkún á kú, kò ní dùn ọ́ mọ́. Má ṣáà sunkún, torí ẹkún máa ń jẹ́ kí wọ́n tún wákàtí kà láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó ń kọ́ ọ ni, bí ọmọ ilé ìwé tó dé ṣáájú ti ń fi ọ̀nà han ọmọ tuntun. "Kí o máa ka nǹkan lọ́kàn. Èmi máa ń ka àwọn ibùdókọ̀ ni. Ìjanikin, Ìyànà-Ẹrà, Ìṣàṣí, Afromídíà. Tí mo bá dé Afromídíà, màá gun ọ̀kadà dé Àjàngbàdì, màá wọlé, màámi á sì ní o kú ìrìn. Màá tún bẹ̀rẹ̀ láti Ìjanikin."

Ṣemílọ́rẹ wo ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ náà, ó fa tíṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bámikẹ́ mú ìró méjì wá pé kí wọ́n fi sábẹ́ orúnkún. Ṣemílọ́rẹ gbà, Rẹ̀mílẹ́kún kọ̀, ó ní wọ́n á bèèrè ẹni tó fún òun ní ìró. Ṣemílọ́rẹ bá yọ tirẹ̀ náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Sherif lọ gbé agbòjò wá, ó ṣí i sórí àwọn méjèèjì, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. POS àkọ́kọ́ kò lówó, èkejì kò ní nẹ́tíwọ̀kì, ní ẹ̀kẹta wọ́n ń jà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fọn fèrè níkẹyìn, Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti géètì sẹ́yìn, ohun tó sì kọ́kọ́ rí ni Ṣemílọ́rẹ ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ohùn Alábà rẹ̀ padà dé. "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Kọ́mándà! Kọ́mándà, ẹ wá wò! A ò tíì gbé e kúrò nílé, ó ti ń ṣiṣẹ́! Màmá Ṣemílọ́rẹ, bá mi mú fóònù rẹ wá, kí n yà á!"

Bámikẹ́ kò mú fóònù wá. "Bàbá Ṣemílọ́rẹ," ó ní, "ẹ dá ọmọ lóhùn."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí yín pé ó dàbọ̀ nígbà tí ẹ ń lọ. Ẹ ò dá a lóhùn, kò sì dìde."

Dàpọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo Ìyá Sherif tó ń mú agbòjò dání, ó wo Bàbá Tọ́lá tó ti ṣí fìlà, ó wo ẹ̀wà tó ti gbẹ lórí àga. Ó wá wo òógùn tó ti rin ilẹ̀ ní iwájú ọmọ náà. "Láti ìgbà tí mo ti jáde?" ó bèèrè.

"Dìde," ni ó wí.

Ṣemílọ́rẹ dìde, ó ń pòṣé, ó ń gbọn òkúta kúrò lórúnkún. Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ kan tẹlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà kò gbé e, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ké. Ó yára dìde padà sórí orúnkún rẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Mo máa dìde dáadáa sà."

"Ẹ rí ìfaradà?" Kọ́mándà wí lẹ́yìn Dàpọ̀. "Kékeré lẹ rí yìí, sà. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń ṣe é láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibẹ̀ la ti ń yọ agídí."

Kò sẹ́ni tó kan sáárá sí i. Bámikẹ́ ti jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á. Awọ orúnkún náà ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. "Ọmọ ẹni kì í burú títí," ó ní, ṣùgbọ́n ẹkún dí i lọ́nà. Ìyá Sherif ló bá a parí rẹ̀: "Ká lé e fún ẹkùn pa jẹ."

Dàpọ̀ rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀, ó gbé e wọ inú yàrá padà. Inú ń bí i, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. Ó jáde. "Kọ́mándà, ẹ máa lọ. Ọmọ mi ò bá yín lọ mọ́."

"Owó tí ẹ ti san kò ní padà o, sà."

"Kó má padà." Èyí ni Dàpọ̀ tó máa ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ lórí owó wáyà.

Kọ́mándà sọ èjìká. Ó fọn fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Rẹ̀mílẹ́kún gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Bámikẹ́, ó dìde, ó dojú kọ bọ́ọ̀sì. Bámikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Eléyìí náà ńkọ́?"

"Eléyìí ní bàbá, mà. Bàbá rẹ̀ ló fà á lé wa lọ́wọ́."

"Ẹ pè é," Dàpọ̀ wí.

Kọ́mándà pè é, ó tilẹ̀ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ láti Àjàngbàdì, ohùn èèyàn jẹ́jẹ́ ni ohùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," Dàpọ̀ wí. "Ọmọ yín Rẹ̀mílẹ́kún wà nílé wa."

"Ha, ẹ káàsán, sà! Ṣé ó kí yín dáadáa? Ṣé ó kúnlẹ̀?"

"Ó kúnlẹ̀, sà."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ẹ ò mọ ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀, sà. Aláriyànjiyàn ni. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á sọ méjì. Nísinsìnyí, 'yes sir' nìkan ló kù. Kọ́mándà gbìyànjú fún wa."

Dàpọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹnu òun ló ti jáde. Ó fẹ́ bú ọkùnrin náà, kò rí èébú tí kò ní kọ́kọ́ ba òun. "Sà," ó ní, "orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́."

"Á mọ́ ọn lára, sà."

"Ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ wá wò ó. Ẹ wá lónìí, sà, ẹ má fi di ọ̀la. Kò ní kúrò nílé mi títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i."

Bàbá náà ní, "Kí ló ṣe é gan-an, sà?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Dàpọ̀ fún un ní àdírẹ́sì.

Kọ́mándà fọn fèrè rẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Sherif pa agbòjò rẹ̀ dé, ó dúró sáàárín Kọ́mándà àti ọmọ náà, ó bi í pé ta ni àti ta ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn obìnrin ilé yí ọmọ náà ká. Kọ́mándà ní òun ń lọ pe ọlọ́pàá, Bàbá Tọ́lá ní kó yára, òun ti dé fìlà. Nígbà tí Kọ́mándà rí i pé àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá agbòjò náà jà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì lọ.

Wọ́n gbé àga fún Rẹ̀mílẹ́kún lábẹ́ òjìji. Etí àga náà ló jókòó sí, ó ń wo géètì. Bámikẹ́ da ẹ̀wà tó ti gbẹ nù, ó wá dúró níwájú ọmọ náà.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ jẹ? Ìrẹsì wà, iṣu wà, ẹja kún fìríìsà. Èyí tó bá wù ọ́ ni màá sè."

"Sọ pé ìndómì," Ṣemílọ́rẹ wí. "Má jẹ́ kí wọ́n fún ẹ níṣu o, màmá mi kì í jẹ́ kó jiná."

Rẹ̀mílẹ́kún wo Bámikẹ́, ó wo Ṣemílọ́rẹ, ó wo Dàpọ̀. Ó ń wá ìdáhùn gidigidi. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wọn, wọ́n sì dúró dè é.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní níkẹyìn. "Èwo lẹ fẹ́ kí n fẹ́?"

Dàpọ̀ lanu láti sọ fún un pé kó sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀. Ó rí i pé àṣẹ ni ìyẹn náà máa jẹ́ létí rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.